Aago Tó Ń Ka Ìṣísẹ̀: Ohun Tó Lè Ṣe fún Alátọ̀gbẹ àti Ohun Tí Kò Lè Ṣe

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ní mọ́sálásí kan ní Fate, nílùú Ilorin, bàbá kan tí àtọ̀gbẹ ti ń bá fínra láti ọdún pípẹ́ na ọwọ́ òsì wọn sí wa. Aago dúdú kan wà níbẹ̀ tí ọmọ wọn fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Wọ́n ní, "Àáfà, ẹ wò ó, ó ní ṣúgà mi dára lónìí." A béèrè ìgbà tí wọ́n gún ìka yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kẹ́yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní láti ìgbà tí aago ti dé ni àwọn ti sinmi abẹ́rẹ́. Ó ti lé ní oṣù kan.

A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an. Iye tí ẹ̀rọ fi hàn ju ìlọ́po méjì ohun tí aago ń sọ lọ. Nítorí bàbá yìí la ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí, torí a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ra irú aago bẹ́ẹ̀ fún òbí wọn pẹ̀lú èrò rere.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó léwu bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2024, FDA, ìyẹn àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fún gbogbo èèyàn pé àwọn kò tíì fọwọ́ sí aago tàbí òrùka kankan tó sọ pé òun lè fúnra òun wọn ṣúgà láìgún awọ ara. Ẹni tó bá tẹ̀lé iye tí irú aago bẹ́ẹ̀ gbé jáde lè gún insulin ju bó ṣe yẹ lọ, èyí sì lè gba ẹ̀mí. Ohun mìíràn wà o, tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ apá, tí abẹ́rẹ́ tín-ín-rín rẹ̀ wà lábẹ́ awọ, tó sì ń fi iye ṣúgà ránṣẹ́ sórí fóònù tàbí aago. Èyí jẹ́ ojúlówó. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ yẹn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, aago kàn ń jíṣẹ́ ni.

Ṣé ká wá ju aago náà nù? Rárá o. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe wà. Nínú rẹ̀ ni ohun kékeré kan wà tó ń mọ bí ara ṣe ń mì, ìyẹn ló fi ń ka ìṣísẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé tí ẹ ń rí lábẹ́ rẹ̀ ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ lábẹ́ awọ kó lè ka lílù ọkàn. Ìṣísẹ̀ sì ni oògùn tí kò lówó lórí fún alátọ̀gbẹ. Nínú àtọ̀gbẹ tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn àgbàlagbà, insulin, tó dà bíi kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣílẹ̀kùn iṣan fún ṣúgà, kì í lè ṣílẹ̀kùn náà dáadáa mọ́. Bí èèyàn bá ń rìn, iṣan ẹsẹ̀ máa ń fa ṣúgà wọlé láti inú ẹ̀jẹ̀ láìdúró de kọ́kọ́rọ́ yẹn. Àǹfààní rẹ̀ lè wà lára di ọjọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣègùn fi ń ní kí alátọ̀gbẹ rìn kánkán fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, kó má sì fi ọjọ́ tó ju méjì lọ tẹ̀ léra láìrìn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbọ́ pé ìṣísẹ̀ 10,000 ló pọn dandan lóòjọ́. Kì í ṣe dókítà ló dá a sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ní Japan ló ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí ní ọdún 1965, wọ́n sì pè é ní manpo-kei, ìyẹn òǹka ìṣísẹ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Orúkọ ọjà ló di òfin. Ẹni tó ń rin 2,000 tẹ́lẹ̀ tó wá di 4,000 ti jèrè.

Àwọn olùwádìí Stanford kó ìwádìí 26 jọ ní ọdún 2007. Wọ́n rí i pé àwọn tó so òǹka mọ́ra fi nǹkan bí 2,500 ìṣísẹ̀ kún ìrìn wọn lóòjọ́, àti pé àwọn tó ní iye kan tí wọ́n ń lépa ló jàǹfààní. Ìwádìí ńlá mìíràn láti Australia ní ọdún 2022 sọ pé nǹkan bí 1,800 ni àfikún náà. Àmọ́ ní ọdún 2016, ní Pittsburgh, àwọn ọ̀dọ́ tó sanra tí wọ́n fún ní ẹ̀rọ yìí fọn kìlò 3.5 láàárín ọdún méjì, nígbà tí àwọn tí kò lò ó fọn 5.9. Àwa kò rò pé aago ló sanra. Ohun tó hàn sí wa ni pé aago kì í bá èèyàn dín oúnjẹ kù, kì í sì í bá a jáde nílé.

Èyí tó ń bá èèyàn jáde ni ará ilé. Ọ̀nà Fate kún fún mọ́tò àti ọ̀kadà lójúmọmọ, nítorí náà àwọn òpópónà inú àdúgbò lẹ́yìn Àsùbáà ló dára jù. Kí ìyá àti ọmọbìnrin jọ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ kàn wọ aago náà kẹ́ ẹ mọ iye tí ẹ ń rìn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa fi 500 kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí kò ní aago lè lo fóònù tó wà nínú àpò, òun náà ń kà. Ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìrun márùn-ún, ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ lọ mọ́sálásí, ẹ̀san ìṣísẹ̀ rẹ̀ tí a ti ń gbọ́ nínú wáàsí ṣì wà níbẹ̀. Ánábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, bá Aisha ìyàwó rẹ̀ sáré ìje, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìdárayá kì í ṣe ti onímọ̀. Àwa Àáfà gan-an la jẹ̀bi jù: láti Àìlà dé Àsárì lórí ẹní, lẹ́yìn náà ni àmàlà wálímà. Aago náà máa ń gbọ̀n lọ́wọ́ bí èèyàn bá jókòó pẹ́. Ẹ dìde fún un.

Ẹ kíyè sára o. Ẹni tó ń gún insulin tàbí tó ń lo àwọn oògùn bíi glibenclamide lè rìn títí ṣúgà rẹ̀ á fi já wálẹ̀ jù. Kó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kó tó jáde. Bí ó bá dín ní 90 (5.0 lórí ẹ̀rọ mìíràn), kó jẹ nǹkan kọ́kọ́, kó sì mú dàbínù tàbí ṣúgà dání. Òógùn tútù, ọwọ́ gbígbọ̀n àti òòyì jẹ́ àmì pé kó dúró. Àtọ̀gbẹ lè pa ẹsẹ̀ kú débi pé ìṣó á wọlé tí kò ní í mọ̀, nítorí náà bàtà tó bo ẹsẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ ni, kì í ṣe sílípáàsì, kó sì wo àtẹ́lẹsẹ̀ bó bá délé. Nínú ààwẹ̀, ẹ má rin ìrìn agbára nírọ̀lẹ́ ṣáájú ìṣínu. Taraweeh fúnra rẹ̀ jẹ́ ìdárayá. Kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá ẹni tí àyà máa ń dùn tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní egbò.

Ìbéèrè kan tún wá láti ẹnu bàbá: àlùwàlá ńkọ́? Omi gbọ́dọ̀ dé abẹ́ aago, ẹ bọ́ ọ tàbí kẹ́ ẹ tì í kí omi lè dé ibẹ̀. Kò sì pé pátápátá: ó lè ka jíjìgìjìgì ọ̀kadà tàbí fífẹ́ná bí ìṣísẹ̀.

Bàbá ṣì ń wọ aago wọn. Ìyàwó wọn ló ń gún ìka fún wọn báyìí láràárọ̀, tó ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló sì ń kọ iye ìṣísẹ̀ àná sí. Ìwé yẹn ni wọ́n ń mú lọ sọ́dọ̀ dókítà.