Ìpara àgbà lójú ọmọdé: ohun tí TikTok ń tà fún àwọn ọmọ wa

Nígbà tí ọdún 2023 ń parí lọ, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtajà ohun ìṣaralóge Sephora l'Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í rí oníbàárà tí wọn kò retí: àwọn ọmọbìnrin ọdún 10 sí 12, tí wọ́n ti mọ orúkọ ìpara tí wọ́n fẹ́ rà kí wọ́n tó wọlé. Drunk Elephant ló wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan lára ìpara ilé iṣẹ́ náà lè lé ní 60 dọ́là.

Ta ló rán wọn wá? Ọ̀dọ́bìnrin kan lórí TikTok ni, tó gbé fóònù síwájú, tó ń pa ìpara, tó sì ń ròyìn ilé ẹ̀kọ́ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń pa á. Ọmọ tó ń wò ó lójoojúmọ́ á kúkú sọ ọ́ di ọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ onítọ̀hún kò mọ̀ ọ́n rí. Láti ọdún 1956 ni Donald Horton àti R. Richard Wohl ti ṣàlàyé irú ọ̀rẹ́ àdáṣe yìí láàárín òǹwòran àti àwọn ará inú tẹlifíṣàn. Fóònù wá fi ọjà kún un: téèyàn bá ra ìpara náà lójú ẹsẹ̀, ẹni tó ṣe fídíò lè gba tirẹ̀ lórí owó náà. Àjọ FTC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà l'Amẹ́ríkà, ní dandan ni kí ẹni tí wọ́n sanwó fún sọ ọ́ ní gbangba. Ó dára, àmọ́ ọmọ ọdún 11 wo ló ń ka ìyẹn?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni retinol tó wà nínú díẹ̀ lára àwọn ìpara yìí. Ọmọ ìyá fítámìn A ni, ó máa ń mú kí awọ tètè pààrọ̀ ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ojú wọn ti ń hunjọ fi ń rà á. Awọ ọmọdé ti ń tètè pààrọ̀ ara rẹ̀ láìsí ìpara kankan. Tí retinol bá kàn án, ó lè pọ́n, kó máa bó, kí oòrùn sì tètè jó o. Drunk Elephant alára sọ lórí Instagram pé kí àwọn ọmọdé jìnnà sí èyí tó ní ásíìdì àti retinol nínú.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Apotek Hjärtat, ilé ìtajà oògùn ní Sweden, fi òpin sí títa àwọn ìpara líle báyìí fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 15, àyàfi tí òbí bá fọwọ́ sí i tàbí tí àìsàn awọ bá wà. Ní California, àbá òfin tó fẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò já sí òfin. Lójú tèmi, oníṣòwò yẹn ṣe ju aṣòfin lọ.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó, ẹ yí ẹ̀yìn ìgò náà wò. Tí ẹ bá rí retinol níbẹ̀, ẹ dá a padà sórí àtẹ.