Èdè-Ìperí fún Ìmọ̀ràn lórí Gbèsè: Láti Ọ̀dọ̀ Ológò dé Ọ̀dọ̀ Agbaninímọ̀ràn

Iṣẹ́ kan wà tí àwọn atúmọ̀-èdè ń bá pàdé lóde òní, tí a kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ tí ó yẹ ẹ́. Iṣẹ́ ẹni tí í bá ajẹgbèsè ṣírò owó tí ń wọlé àti èyí tí ń jáde ni, kí ó lè san gbèsè rẹ̀ láìtẹ́. A ó yẹ àǹfààní àti àléébù iṣẹ́ náà wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kí a tó sọ ọ́ lórúkọ, nítorí pé orúkọ tí a kò fara balẹ̀ yàn lè ṣi òǹkàwé lọ́nà.

Èdè Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ nípa gbèsè. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó gbé ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣàlàyé méjì nínú wọn nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ìwọ̀fà ń sin olówó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé, kò sì dín nǹkan kan kù nínú owó tí a yá. Ológò ni ẹni tí olówó rán láti dógò ti ajẹgbèsè: a jókòó sínú ilé rẹ̀, a máa yọ tilé-toko lẹ́nu, títí wọn yóò fi wá owó náà san. Lẹ́yìn wọn ni a gbọ́ òṣómàáló àti sogúndogójì. Ọ̀dọ̀ olówó ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti ń wo gbèsè. Onígbọ̀wọ́ nìkan ni ó dúró ti ajẹgbèsè, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ni ó fi dúró, kì í ṣe ìmọ̀ràn ni ó mú wá.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ológò ti kásẹ̀ nílẹ̀. Oníṣòwò ní Ọjà'ba tàbí Bẹẹrẹ lè fi ẹ̀rọ alágbèéká yá owó lónìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti fi ẹjọ́ sùn pé irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ ìtìjú ránṣẹ́ sí ẹbí àti ọ̀rẹ́ ajẹgbèsè. Èyí ni ó mú kí àjọ FCCPC gbé ìlànà ìforúkọsílẹ̀ kalẹ̀ fún wọn ní 2022. Ẹni tí irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ bá ni yóò wá olùgbani-nímọ̀ràn.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, iṣẹ́ náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. StepChange, tí a dá sílẹ̀ ní 1993, kì í gbowó lọ́wọ́ ajẹgbèsè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ayánilówó ń dá owó fún un. Àǹfààní rẹ̀ hàn: a ó to gbèsè lẹ́sẹẹsẹ, a ó bẹ olówó kí ó dẹwọ́ èlé, ọkàn yóò sì balẹ̀. Àléébù náà wà. Gbèsè kò parẹ́. Bí iye tí à ń san lóṣooṣù bá dín, ìgbà ìsanwó a gùn sí i. Ó sì lè ṣòro láti tún yáwó. Àwọn àgbà ti wí i: bí a bá yá ẹgbàafà tí a kò san án, a bẹ́gi dínà ẹgbèje.

Èyí tí ó léwu jù ni ti àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá darí ajẹgbèsè sí. Ìmọ̀ràn wọn lè tẹ̀ sí ibi tí owó wọn wà. Nítorí èyí ni àjọ FCA ilẹ̀ náà fi ka irú owó bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún wọn láti oṣù Ọ̀wàrà 2023.

Ní ti orúkọ, àbá mẹ́ta ni a gbé yẹ̀ wò. “Ìmọ̀ràn-gbèsè” kúrú, ṣùgbọ́n a lè gbọ́ ọ bí ìmọ̀ràn láti jẹ gbèsè. “Alárinà” ti mọ́ ará ọjà lára, ṣùgbọ́n alárinà lè gbowó lọ́tùn-ún, kí ó gbà á lósì. “Ìmọ̀ràn-ìsangbèsè” fún iṣẹ́ náà, àti “agbaninímọ̀ràn-ìsangbèsè” fún ẹni tí ń ṣe é, gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n yanjú. Àwọn ni a fara mọ́. Kí a fi “alárinà-gbèsè” mọ sọ́dọ̀ ẹni tí owó rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọ̀nà tí ó bá tọ́ni sí. Kí atúmọ̀-èdè sì yàgò fún “ajigbèsè”, nítorí pé èébú ni, “ajẹgbèsè” tó.

Olùkọ́ tí ó bá ń ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ yìí ní kíláàsì kò gbọdọ̀ dúró lórí ìtumọ̀ nìkan. Kí ó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti bèèrè ẹni tí ń sanwó fún agbaninímọ̀ràn, àti ohun tí olùsanwó náà ń retí. Bí a bá fi orúkọ kan ṣoṣo pe méjèèjì, a lè fi ọwọ́ ara wa sin ajẹgbèsè padà sọ́dọ̀ ológò.