Láptọ́ọ̀pù tuntun ń wọ́ bí ìgbín, Wáìfáì ò wọlé! Kí ẹ tó pariwo olè, ẹ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò

Owó àjọ ni ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà fi ń ra láptọ́ọ̀pù fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Yunifásítì. Àwọn aránṣọ náà ń rà á, torí inú ẹ̀ ni wọ́n ń kó oríṣiríṣi sítáì sí. Owó gọbọi ni, kì í ṣe owó àkàrà. Ìdí nìyí tí inú fi máa ń bí èèyàn nígbà tó bá gbé e délé, tó tẹ bọ́tìnnì, tí nǹkan ọ̀hún wá ń yí òbìrìkítì lójú gíláàsì, tí kò ṣí. Nígbà tó bá tiẹ̀ wá ṣí tán, á ní òun ò rí Wáìfáì! Ibẹ̀ ni ariwo ti máa ń sọ: "Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì o!"

Òótọ́ ni pé jìbìtì wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ ná. A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò bàjẹ́ rárá. Ẹni tó bá sì fi ìbínú gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe lẹ́bàá títì lè kàgbákò, torí ọ̀rọ̀ àkọ́sọ lẹ́nu àwọn kan nínú wọn ni pé "ká fọ́ọ́máàtì ẹ̀." Bí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú ẹ̀ lè pòórá, wọ́n lè fi ayédèrú rọ́pò Windows ojúlówó tó bá a wá, owó iṣẹ́ á sì tún jáde lápò.

Ẹ jẹ́ kó simi ná

Láptọ́ọ̀pù tuntun lè ti pẹ́ nínú páálí kó tó dọ́wọ́ oníbàárà. Ní gbogbo àsìkò yẹn, Microsoft tó ni Windows ń ṣe àtúnṣe sí i. Bí láptọ́ọ̀pù bá wá fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo àtúnṣe ọ̀hún ni yóò máa fà wọlé pa pọ̀. Ṣé kò ní falẹ̀? Ẹ ki í bọ iná, ẹ jẹ́ kó wà ní títàn fún wákàtí mélòó kan, kẹ́ ẹ wá tẹ "Restart".

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o, àtúnṣe yìí ń jẹ dátà gan-an ni. Ẹni tó bá ń fi fóònù fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì, kó lọ sínú "Settings", kó wá Wáìfáì tó ń lò, kó sì tan "Metered connection". Ìyẹn á dá ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ dúró títí yóò fi dé ibi tí Wáìfáì ti pọ̀.

Èrò pọ̀ jù nínú ọkọ̀

Àwọn tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù máa ń kó ètò tí oníbàárà ò bẹ̀ wọ́n sínú ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti tàn án, gbogbo wọn ló fẹ́ jí lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ogún èèyàn ń du ẹnu ọ̀nà dánfó. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, "Task Manager" yóò ṣí. Ẹ wọ "Startup apps". Èyí tẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ kì í lò lójoojúmọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ mú "Disable". Kò pa á rẹ́ o, á kàn máa sùn títí ẹ ó fi pè é ni. Èyí tẹ́ ò bá mọ iṣẹ́ ẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Inú ẹ̀ ńkọ́?

Nínú "Task Manager" kan náà, ẹ wọ "Performance". Ibẹ̀ ni àṣírí wà. Bí wọ́n bá kọ HDD síbi "Disk", awo tó ń yí bíi réékọ́ọ̀dù ló ń kó ẹrù sí, ó máa ń falẹ̀. SSD kò ní ohun tó ń yí, òun ló yá jù. Ẹ wo "Memory" náà. Windows 11 tó jáde lọ́dún 2021 ní, ó kéré tán, 4GB lòun ń fẹ́. Àmọ́ 8GB ló fara rọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ra tòkunbọ̀ ní Computer Village n'Íkẹjà, ẹ wo èyí kẹ́ ẹ tó sanwó. Bó bá jẹ́ Windows 10 ló wà lórí ẹ̀, ẹ béèrè bóyá ó lè gba 11, torí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú gbogbogbòò fún Windows 10 dúró lọ́jọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Wáìfáì tó sá lọ

Ẹ kọ́kọ́ mú fóònù sún mọ́ ọn. Bí fóònù náà ò bá rí Wáìfáì, láptọ́ọ̀pù kọ́ ló jẹ̀bi. Bí fóònù bá rí i, ẹ wá bọ́tìnnì tí wọ́n ya ọkọ̀ òfuurufú sí. Ó lè jẹ́ pé ọmọdé ti tẹ̀ ẹ́, tí Wáìfáì fi kú. Ẹ tún un tẹ̀. Bó bá rí Wáìfáì tí kò wọlé, ẹ mú "Forget", kẹ́ ẹ tún páswọ́ọ̀dù kọ lákọ̀tun.

Bó bá jẹ́ hotspot fóònù ni kò rí, ẹ yí i sí 2.4GHz nínú fóònù. 5GHz yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ògiri máa ń dí i lọ́wọ́, àwọn láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan ò sì rí i rárá. Bí gbogbo ẹ̀ bá kọ̀, ẹ fi wáyà so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ tan "USB tethering", kẹ́ ẹ fi ṣe "Windows Update". Ó lè jẹ́ "driver", ìyẹn ètò tó ń darí Wáìfáì, ni kò pé.

Bó bá jẹ́ jìbìtì lóòótọ́

Bẹ́ ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí kò gbọ́, tàbí tí ẹni tó tà á ní SSD ni, tẹ́ ẹ wá bá HDD níbẹ̀, ẹ gbé e padà kíákíá pẹ̀lú rìsíìtì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ìdí ẹ̀ o, kí ẹni tó tà á má baà ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, FCCPC nilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Rìsíìtì ni ẹlẹ́rìí yín níbẹ̀. Nítorí náà, bó ti wù kí oníṣòwò náà jẹ́ ọ̀rẹ́ tó, ẹ gba rìsíìtì, kẹ́ ẹ sì ní kó kọ HDD tàbí SSD àti iye GB sínú ẹ̀.