Sólà Fẹ́lẹ́ Lórí Páànù Ìbàdàn

Páńẹ́ẹ̀lì sólà kì í ṣe àjèjì mọ́ lórí òrùlé Bódìjà ní Ìbàdàn. Àgbowó, lẹ́nu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, lọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ayálégbé ló pọ̀ níbẹ̀, páńẹ́ẹ̀lì onísílíkọ́nì ńlá kan sì ń wọn ogún kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Onílé wo ni yóò gbà kí wọ́n lu páànù tó ti dógùn-ún nítorí rẹ̀? Èyí ló mú kí sólà oníke, tó fúyẹ́ tó sì ṣeé ká bí ẹní, tó ohun tí à ń bèèrè. Ike kì í gbé iná, òun náà la fi ń bo wáyà. Ṣùgbọ́n ní 1977, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Heeger, MacDiarmid àti Shirakawa fi hàn pé irú kan wà tó lè gbé e bí a bá po kẹ́míkà mọ́ ọn. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2000.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan irú ike bẹ́ẹ̀, elétírọ́ọ̀nù á ta jí, ṣùgbọ́n kò tíì dòmìnira: ó ṣì dà bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn. Láàárín nǹkan bíi nànómítà 10, ó gbọ́dọ̀ kan èròjà mìíràn tí yóò já a gbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, agbára náà ṣòfò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń po èròjà méjì wọnú ara wọn. Sólà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ching Tang gbé jáde ní 1986 ń sọ nǹkan bí ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ di iná. Mólékù kan tí wọ́n ń pè ní Y6 gbé e kọjá 15 ní 2019. Iye náà ti tó nǹkan bí 20 báyìí, lára ègé tí kò tó èékánná.

Èmi ò rò pé iye yìí ló yẹ kí á máa sáré lé. Ooru a máa ya àpòpọ̀ náà bí òróró ṣe ń léfòó lórí ọbẹ̀, atẹ́gùn, ọ̀rinrin àti oòrùn fúnra rẹ̀ a sì máa já okùn ike náà. Ẹnìkan lè ní owó sílíkọ́nì ti wálẹ̀, ó sì ń lo ọdún 25, kí la tún ń wá? Òótọ́ ni, ẹni tó ni òrùlé tó lágbára, kó ra sílíkọ́nì. Ẹlòmíràn á ní kí iye náà ga ná, kí á tó wá sọ̀rọ̀ àlòpẹ́. Ṣùgbọ́n mólékù tó ń fi ìdá kan tàbí méjì kún un sábà máa ń gba ìpele iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe, ìpele kọ̀ọ̀kan ló sì ń jẹ nínú èrè. Ike tó ń sọ ìdá 12 di iná, tí a lè sè ní ìpele díẹ̀, tí kò ní tètè bó, wúlò fún Àgbowó jù ú lọ. Ọ̀nà àlòpẹ́ yìí ni Wole Soboyejo, tó kọ́ni ní Princeton tó sì darí African University of Science and Technology ní Abuja, tọ̀ pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀: wọ́n wo bí àwọn ìpele tó tò léra nínú sólà náà ṣe ń lẹ̀ mọ́ra, àti bí ó ṣe ń là bí a bá tẹ̀ ẹ́. Ìwọ̀n ooru 25°C ni ilé-ìwádìí fi ń wọn agbára sólà; páànù Àgbowó lọ́sàn-án oṣù kẹta kò mọ ìyẹn.