Nǹkan Kékeré ni ó Kán: Èéṣe tí Odidi Ẹ̀rọ fi Ń Lọ sí Ààtàn?

Kò sí ìyàwó ilé tí kò mọ irú àdánù yìí. Blẹ́ńdà ń lọ ata dáradára, mọ́tò inú rẹ̀ kò ní àrùn kankan, ṣùgbọ́n ike kékeré tí ó so ago rẹ̀ mọ́ mọ́tò ti jẹ, eyín rẹ̀ sì ti bó tán. Nǹkan tí ó bàjẹ́ kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ. A wá a dé òpópónà Allen ní Ìkẹjà, a wá a dé Computer Village ní Ọ̀tígbà, èsì kan náà ni a ń gbọ́: “Àǹtí, wọn kì í ta ìyẹn lọ́tọ̀. Ẹ kúkú ra òmíràn.” Báyìí ni owó tí a fi ọ̀pọ̀ oṣù kó jọ ṣe ń bá nǹkan kékeré lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ọjà nìkan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ti ń fi í ṣe iṣẹ́ ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ní àwọn yunifásítì. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n ń so pọ̀. Báwo ni ohun tí a ti lò kò ṣe ní di ìdọ̀tí? Ǹjẹ́ ẹ̀rọ ìgbàlódé lè bá wa ṣe èyí tí ó kán? Ta sì ni òfin fún láṣẹ láti ṣe é? Ẹ̀yin abiyamọ, ìbéèrè wọ̀nyí kàn yín ju bí ẹ ti rò lọ.

Ibi tí Ẹ̀rọ Tí a Sọ Nù Ń Lọ

Bí kólẹ̀kódọ̀tí bá gbé ẹ̀rọ kúrò ní ẹnu ọ̀nà wa, ayé rẹ̀ kò tíì parí. Àwọn kan yóò tú u, wọn yóò sun wáyà rẹ̀ kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ tà. Èéfín iná náà kò mọ ààlà ilé. Òjé tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè gba ara ìyá wọ inú ọlẹ̀, ó sì lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé àwọn obìnrin tí wọ́n tó mílíọ̀nù 12.9 ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ nídìí pàǹtí lágbàáyé, níbi tí májèlé ara ẹ̀rọ lè ti dé ara àwọn àti oyún inú wọn.

Kì í ṣe tiwa nìkan ni a ń sọ nù. Ìwádìí kan tí a ṣe ní àwọn èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ni ó ń wọlé lọ́dọọdún, àti pé, ó kéré tán, 19 nínú 100 wọn ni kò ṣiṣẹ́ mọ́ nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀.

Àṣà Wa Kì í Ṣe Àṣà Ìsọnù

Bẹ́ẹ̀ sì ni, àlòtúnlò kì í ṣe ohun àjèjì láàrin wa. Bí igbá bá fọ́ nígbà àwọn ìyá wa, wọn kì í jù ú sígbó. Wọ́n ń gbé e fún ẹni tí ń rán igbá ni. Aṣọ tí ó ṣá yóò di ọ̀já, ọ̀já yóò di ìlédìí ọmọ. Alágbẹ̀dẹ a sì yọ́ ọkọ́ tí ó jẹ tán, a fi rọ ọ̀bẹ. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé òde òní ń pè ní ọrọ̀-ajé alákòóyípo kò ju èyí lọ: kí nǹkan máa yí padà sí ìlò, kí ó má ṣe parí sí ààtàn.

Ohun tí ó yàtọ̀ lónìí ni pé alágbẹ̀dẹ kò lè rọ ike. Ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ike, irú èyí tí a ń rí ní Ìkẹjà, Ògbà àti Agége, ní láti kọ́kọ́ ṣe mọ́ọ̀dù onírin tí owó rẹ̀ pọ̀. Kò sí èrè nínú ṣíṣe mọ́ọ̀dù nítorí ẹyọ kan, àfi bí wọn yóò bá ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìdí nìyí tí ike kékeré yẹn fi ṣòro láti rí.

Ẹ̀rọ tí Ń Mọ bí Amọ̀kòkò

Agbẹ́gilére a máa gbẹ́ igi dànù títí ère yóò fi yọ. Amọ̀kòkò kò ṣe bẹ́ẹ̀; ó ń ká amọ̀ lé amọ̀ ni, ìpele lórí ìpele, títí ìkòkò yóò fi dìde. Bí amọ̀kòkò ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní 3D printer ṣe ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà yóò fi àwòrán nǹkan náà hàn án, ẹ̀rọ yóò yọ́ okùn ike, yóò sì máa tò ó ní ìpele tín-ín-rín títí nǹkan náà yóò fi pé. Kò béèrè mọ́ọ̀dù, nítorí náà ó lè ṣe ẹyọ kan ṣoṣo.

Chuck Hull, ará Amẹ́ríkà, béèrè fún ẹ̀tọ́ lórí irú ẹ̀rọ yìí ní 1984. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ti òyìnbó nìkan ni. Ní 2013, ní ìlú Lomé ní Tógò, Kodjo Afate Gnikou lo àwọn ara kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a ti sọ nù láti fi kọ́ ẹ̀rọ 3D kan ní ibùdó WoeLab. Ó sọ ọ́ ní W.Afate. Ohun tí ó wà ní ààtàn di ẹ̀rọ tí ó lè gba ẹ̀rọ mìíràn lọ́wọ́ ààtàn.

Síbẹ̀, ó ní ohun tí kò yẹ. Irú ike kan tí a mọ̀ sí PLA, tí a lè fi àgbàdo ṣe, ń rọ̀ bí ooru bá tó nǹkan bí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ má ṣe lò ó sí ara sítóòfù gáàsì, áyọ́ọ̀nù, tàbí ibi tí iná mànàmáná ń gbà. Àlàfo tín-ín-rín tí ó wà láàrin ìpele rẹ̀ sì lè gba ìdọ̀tí sára, nítorí náà ẹ má fi ṣe ohun tí yóò kan oúnjẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n bọ́tìnì fáànù, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí ọwọ́ àpótí kò lè ní ìṣòro bẹ́ẹ̀.

Kí ni Òfin Wí?

Òfin Patents and Designs Act ti 1970 fún ẹni tí ó dá nǹkan tuntun sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ fún 20 ọdún, kí ẹlòmíràn má baà jẹ èrè làálàá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó pa ààlà: ohun tí a ṣe fún òwò tàbí fún iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ nìkan ni ẹ̀tọ́ yẹn kàn. Ẹni tí ó ṣe bọ́tìnì kan fún ìlò ilé ara rẹ̀ kò sí ní ipò kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó ṣe 100 tí ó sì ń tà wọ́n. Òfin náà tún sọ pé ìrísí tí a fún nǹkan kìkì kí ó lè ṣiṣẹ́ kì í ṣe ọnà tí ó ń dáàbò bò. Eyín inú blẹ́ńdà kò wà níbẹ̀ fún ẹwà.

Oníṣọ́ọ̀bù tí yóò bá aládùúgbò ṣe sípéà gba owó ni ọ̀rọ̀ wá kù sí. Òfin tí a ṣe ní ọdún 14 ṣáájú ìbéèrè Hull kò lè ti ro tirẹ̀. Ní Yúróòpù, láti March 2021, òfin ti ní kí àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ rí i pé àwọn sípéà kan wà lọ́jà fún 10 ọdún ó kéré tán. Ní tiwa, ìlànà àjọ NESREA di ẹrù ẹ̀rọ tí ó ti kú ru ẹni tí ó ṣe é tàbí tí ó kó o wọlé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú aláìsàn ni ó yẹ kí ó ṣáájú ètò ìsìnkú.

Ohun tí Ó Wà ní Ìkáwọ́ Wa

Kí ẹ tó sanwó fún ẹ̀rọ, ẹ béèrè bóyá a lè rí sípéà rẹ̀. Ẹ wo ìdí rẹ̀: ṣé ìdè ni wọ́n fi dè é, tí a lè tú, tàbí àtè ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pa? Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti tún ṣe, òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti 2018 ní kí olùtajà kọ ọ́ sára rẹ̀ gbangba. Bí nǹkan bá kán, ẹ má sọ ègé rẹ̀ nù, nítorí lára rẹ̀ ni a ó ti wọn èyí tí a ó fi rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá sì kú pátápátá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sun ún nítòsí ilé, ẹ má sì fún ọmọdé ní bátìrì rẹ̀ ṣeré. Ẹ wá àwọn tí wọ́n ní àṣẹ láti kó o.

Bí oníṣọ́ọ̀bù bá tún ní kí ẹ kúkú ra òmíràn, ẹ bi í léèrè ìdí tí wọn kì í fi í ta sípéà rẹ̀. Bí ìbéèrè yẹn bá pọ̀ lẹ́nu àwa obìnrin tí a ń ná owó ilé, ẹni tí ń ṣe ẹ̀rọ yóò gbọ́, aṣòfin náà yóò sì gbọ́.