Nígbà Tí Jámánì Ń Wá Onímọ̀ Kọ̀ǹpútà Láti Òkèèrè

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bí ó ti rí nínú ilé, bẹ́ẹ̀ ni ó rí láàrin ìlú. Ilẹ̀ Jámánì tó lówó tó yẹn náà ti ké rí pé òun kò ní ènìyàn tó.

Ní ọdún 2000, àwọn ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ṣe é kò tó. Gerhard Schröder tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà ṣí ilẹ̀kùn fún onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó 20,000 láti òkèèrè. Jürgen Rüttgers, òṣèlú kan, takò ó. Ó ní dípò àwọn ará Íńdíà, àwọn ọmọ onílé ni kí wọ́n fi sídìí kọ̀ǹpútà. Ó dára kí á kọ́ ọmọ ẹni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgbàdo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn kọ́ ni a ó sè jẹ lálẹ́ òní.

Níbo ni ọ̀rọ̀ ti wọ́? Ọdún 5 péré ni ìwé náà wà fún. Ẹ rò ó wò: ọkọ ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ ti ń sọ èdè ibẹ̀, ọjọ́ sì ń lọ. Ètò náà parí ní ìparí ọdún 2004, iye tó gba ìwé kò sì pé 20,000. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti rí irú rẹ̀ rí: láti 1961 ni wọ́n ti ń gba òṣìṣẹ́ láti Tọ́kì, wọ́n rò pé wọn yóò ṣiṣẹ́ kí wọ́n sì padà lọ. Ọ̀pọ̀ wọn kó ìyàwó àti ọmọ wá, wọ́n kọ́ mọ́sáláṣí, wọ́n sì di ará ibẹ̀. Ènìyàn kì í ṣe ọkọ́ tí a ń yá lò.

Jámánì gbọ́n sí i. Láti ọdún 2012 ni wọ́n ti ń fúnni ní ìwé tí wọ́n ń pè ní Blue Card. Ẹni tó ní in lè di olùgbé títí lọ, ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ sì láṣẹ láti ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, bí a bá pe ọmọ yín sí iṣẹ́ lókè òkun, ẹ má bèèrè owó oṣù nìkan. Ẹ bèèrè pé: ọdún mélòó? Ṣé ìyàwó lè tẹ̀ lé e? Ṣé òun náà yóò rí iṣẹ́ ṣe? Kí ẹ sì jẹ́ kí ìyàwó bá wọn jókòó nígbà ìpinnu, nítorí ẹni méjì ni ń gbé ilé ró.