Arọ́pò-Orúkọ ‘Ó’ àti Ọ̀dọ́ Tó Yàtọ̀ nínú Ìtàn Ìfẹ́ Oníyanu

Ìfáárà
Ní àwọn kíláàsì Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò, ọmọ Yorùbá, ọmọ Ẹ̀gùn àti ọmọ Ìgbò jọ ń kẹ́kọ̀ọ́. Arọ́pò-orúkọ ẹnìkẹta ẹyọ nínú èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ya akọ sọ́tọ̀ lára abo. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé èdè wa ti fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀dọ́ tí kò ka ara rẹ̀ sí akọ tàbí abo, ṣùgbọ́n kò tíì rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀dọ́ tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀. Ìtàn oníyanu, èyí tí ohun ìyanu ti ń ṣẹlẹ̀ láàrin ìgbésí ayé ojoojúmọ́, ni a ó fi ṣe àgbéyẹ̀wò.

Àpẹẹrẹ láti ọwọ́ Akwaeke Emezi
Umuahia ni wọ́n bí Emezi sí ní 1987. Aba ni ó sì ti dàgbà. Ó ti sọ ní gbangba pé òun kì í ṣe ọkùnrin, òun kì í sì í ṣe obìnrin, pé ọ̀gbáǹje ni òun, èyí tó sún mọ́ àbíkú lọ́dọ̀ wa. Ìwé rẹ̀ fún ọ̀dọ́, Pet (2019), wà lára ìwé 5 tó dé ìpele ìkẹyìn fún National Book Award ti Amẹ́ríkà ní ọdún náà. Kì í ṣe ìtàn ìfẹ́ olólùfẹ́ méjì. Ìfẹ́ ọ̀rẹ́ àti ti òbí ni ó gbé e ró. Jam, olú ẹ̀dá-ìtàn, kì í fi gbogbo ìgbà fi ẹnu sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ni ó sábà fi ń sọ ọ́. Whisper, ọ̀kan nínú àwọn òbí Redemption ọ̀rẹ́ rẹ̀, kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo.

Iṣẹ́ Èdè
Gẹ̀ẹ́sì ní láti yá ‘they’ lò fún Whisper. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí ‘wọ́n’, òǹkàwé yóò rò pé ènìyàn púpọ̀ ni, tàbí pé a ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. ‘Ó’ ni ó yẹ ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ‘olólùfẹ́’, ‘ẹ̀gbọ́n’ àti ‘àbúrò’ kò sọ akọ tàbí abo. Òǹkọ̀wé lè kọ odidi ìtàn ìfẹ́ láìfi ipá mú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ sí apá kan.

Ibi tí ìṣòro wà
Ọmọ tó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, tàbí tí kì í wo ojú ènìyàn, a máa ń pè é ní emèrè tàbí dìndìnrìn. Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn wa, adáhunṣe ní láti lé ọkọ ọ̀run lọ kí ọmọ náà tó lè ní olólùfẹ́. Ẹ̀kọ́ tí òǹkàwé ń rí kọ́ níbẹ̀ ni pé a gbọ́dọ̀ wo ìyàtọ̀ sàn kí a tó lè fẹ́ràn onítọ̀hún. Nínú Pet, ọ̀nà mìíràn ni ó gbà: kò sí ẹni tó wo Jam sàn, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ni ó gbọ́ èdè ọwọ́ rẹ̀. Ìyanu inú ìwé náà, ẹ̀dá tó jáde láti inú àwòrán ìyá Jam, kò wá láti tún un ṣe. Ó wá kí àwọn méjèèjì lè jọ wá oníbi kan rí.

Ìgúnlẹ̀
Kí olùkọ́ tó gbé ìtàn lé ọ̀dọ́ lọ́wọ́, ó yẹ kí ó béèrè: Ta ni ó ń yí padà nínú rẹ̀, ṣé ọmọ tó yàtọ̀ ni, àbí àwọn tó yí i ká? Ọmọ tó dákẹ́ sí ẹ̀yìn kíláàsì náà ń gbọ́ ìtàn tí a ń kà. Láti inú rẹ̀ ni yóò ti mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni lè fẹ́ràn òun bí òun ti rí.